Àpótí Ìmórù Tí Kò Gbọdọ̀ Dún Ní Ìgógó

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbé Ìyẹ́rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún mi, ìṣó sì kún ẹnu wọn nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á to ìṣó sáàárín ètè, wọ́n á máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kàn mọ́ igi, ọ̀rọ̀ á sì máa wá ibi tó máa gbà jáde láàárín wọn. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́ tó bá àwọn òyìnbó lọ sójú ogun, tó sì gbé giramafóònù bọ̀ wálé nínú àpótí, irú èyí tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé bí ẹni ń lọ sí ìrìnàjò. Nígbà tí ọdún Ìgógó dé, tí gbogbo ìlú gbé ìlù kọ́ àjà, tó jẹ́ pé agogo nìkan ló ń dún ní ìgboro, ọkùnrin yìí ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ó ní òun kò lu ìlù. Ó ní ta ló rí ọ̀pá ìlù lọ́wọ́ òun? Ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Ó bá fi àwo orin sí i. Wọ́n ní nígbà tí àwo náà parí, ó gbé apá ẹ̀rọ náà sókè, ìlù kò dákẹ́. Ó pa àpótí dé, kò dákẹ́. Ó gbé e jù sínú kànga, ó ṣì ń gbọ́ ọ lábẹ́ omi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí títí ó fi kú, àwọn tó wẹ òkú rẹ̀ kò sì rí apá rẹ̀ nà.

Mo bi wọ́n bóyá ìṣojú wọn ló ṣe. Wọ́n ní kí n gbájú mọ́ igi tí mo dì mú.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, mo sì mọ̀ pé irin àti igi àti awọ ni giramafóònù. Síbẹ̀, ìtàn yẹn kò kúrò lára mi. Bóyá òun gan-an ló sọ mí di ẹni tó ń kó wọn jọ. Ohun tó bá ba ọmọdé lẹ́rù, bó bá dàgbà tán, á tún máa yọ́ lọ wò ó ni.

Àwọn giramafóònù inú àpótí, tí wọ́n ń gbé káàkiri, nìkan ni mo ń kó. N kò fẹ́ àwọn ńlá tó máa ń dúró sí pálọ̀ bí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbà tí kòkó lówó lórí ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè wa rà wọ́n. Nígbà tí rédíò dé, wọ́n gbé wọn sí àjà ilé ìdáná, èéfín sì lé kòkòrò jìnnà sí wọn. Nítorí náà, bí mo bá wọ abúlé, òkè ni mo ń wò. Wọ́n á rò pé àjẹ́ ni mo ń wá. Yàrá ẹ̀yìn ilé mi ni mo ń tò wọ́n sí, gbogbo wọn dúdú, wọ́n dákẹ́. Pósí ni ìyàwó mi ń pè wọ́n. Bó bá fẹ́ gbálẹ̀ níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí, á ní, "Bàbá Pósí, ẹ wá sún àwọn òkú yín kí n ríbi gbá."

Kì í wọlé. Ẹ̀rù yàrá náà ń bà á, n kò sì lè bá a wí, nítorí ẹ̀rù ohun tó wà nínú wọn ń ba èmi náà. Sipíríńgì ni mo ń wí. Irin pẹlẹbẹ ni, ó gùn ju èèyàn lọ, wọ́n wá ká a pọ̀ sínú agolo kékeré kan lábẹ́ ẹ̀rọ. Òun ló ń yí àwo. Bí èèyàn bá ṣí agolo náà láìjẹ́ pé agbára inú rẹ̀ ti tán, yóò jáde bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù, ohun tó bá sì bá lọ́nà ló máa gé. Àpá kan wà ní àtàǹpàkò mi tí kì í jẹ́ kí n gbàgbé.

Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní Arímọ̀gìjà wá sí ọ́fíìsì wa nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn, ó rí àwòrán giramafóònù lójú fóònù mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun ní èyí tó kéré ju ìyẹn lọ ní Ìmórù. Mo bi í bó ṣe kéré tó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ̀n ọ́n fún mi, mo sì dìde lórí àga. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Mo ti ń gbọ́ nípa rẹ̀, n kò fojú rí i rí: kò ju àpótí tí wọ́n ń kó Bíbélì ńlá sí lọ, bí wọ́n bá sì ṣí i, àwọn apá irin tínínrín á nà jáde láàárín rẹ̀ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn kí wọ́n lè gbé àwo ró, awọ kan tó ká pọ̀ á wá dìde lẹ́yìn wọn bí ẹnu tó fẹ́ yán. Inú awọ yẹn ni ohùn ń gbà jáde.

Mo ti dín lílọ sí ìhà Ọ̀sẹ́, níbi tí Ìmórù wà, kù nígbà yẹn. Gbogbo Ọ̀wọ̀ ló mọ ìdí. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti mọ ojú ọ̀nà yẹn, ẹni tó bá lọ tó bọ̀, wọ́n á kí i kú ewu bí ẹni tó bímọ. Ṣùgbọ́n mo lọ.

Ìyá olùkọ́ náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú ọpọ́n. Nígbà tí mo kí wọn, wọ́n kò dáhùn, ọmọ wọn ló fi ọwọ́ kàn wọ́n léjìká. Wọ́n yí orí, wọ́n dojú etí òsì kọ mí, wọ́n ní kí n tún kí àwọn. Mo tún kí wọn, wọ́n sì gbọ́. Ọmọ wọn ṣàlàyé fún mi pé dókítà ti yẹ etí náà wò. Ti ọ̀tún ti di. Ti òsì ń di bọ̀, bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i.

Ìtàn àpótí náà kò gùn. Nígbà tí ọkọ ìyá yìí wà ní ọ̀dọ́, ó máa ń kọrin. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ sínú àwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n fún un ní ẹyọ kan mú relé. Nítorí àwo yẹn ló ṣe ra giramafóònù. Sipíríńgì rẹ̀ já, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ó tó ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ìyàwó àkọ́kọ́ ti kú tí ewú sì ti ń hù sí bàbá náà lórí, kó tó fẹ́ ìyá yìí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi jọ gbé, bàbá náà á na ìka sí àjà, á ní ohùn òun wà lókè yẹn. Ìyá náà kò gbọ́ àwo náà rí. Ní báyìí, bàbá ti kú.

Mo sọ fún ìyá náà pé mo fẹ́ ra àpótí náà. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ ra ilé tí wọ́n ń gbé. Wọ́n ní kò sí títà níbẹ̀. Wọ́n wá sún mọ́ mi.

"Ọmọ mi, etí mi ń tì bí ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ gbọ́ ọkọ mi kó tó tì. Bó o bá ti jẹ́ kí n gbọ́ ọ, máa gbé àpótí igi yìí lọ."

Bí mo ṣe gbé e wá sí Ọ̀wọ̀ nìyẹn, òun àti àwo náà, tí mo fi pákó pẹlẹbẹ méjì há, tí mo sì fi aṣọ dì. Irú àwo bẹ́ẹ̀ kì í tẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹyọ kan náà ni, kò sì sí òmíràn níbikíbi tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé mi, n kò sùn dáadáa. Bí ewúrẹ́ bá fara nu ògiri, mo ti dìde.

Ìdí sipíríńgì náà ló já, níbi tó ti kọ́ mọ́ agolo. Mo gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, mo fi iná rọ orí rẹ̀, mo lu ihò tuntun sí i, mo ká a padà bí ẹni ń ki ejò bọ ìgò. Nígbà tí mo ṣe tán, òógùn ti mú kí ẹ̀wù mi lẹ̀ mọ́ mi lára. Ó yí. Ó ń yí láìsí àwo lórí rẹ̀, ó ń kùn bí oyin. Ohun tó kù ni kí n mọ̀ bóyá ó lè sọ̀rọ̀.

Ìgógó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Ọ̀wọ̀ mọ bí ìgboro ṣe máa ń rí nígbà náà. Kò sí fìlà, kò sí gèlè, kò sí ìbọn, kò sí ìlù. Mùsùlùmí ni o, ọmọ ìjọ ni o, o ò ní gbé ìlù síta. Agogo ni wọ́n fi ń jó. Mo mọ̀ dájú pé àwo bàbá Ìmórù kún fún ìlù, nítorí náà n kò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Èrò tèmi ni pé kí n dúró kí ọdún kọjá. Àmọ́ olùkọ́ náà pè mí lórí fóònù. Ó ní Màmá kò gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń gbé.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Mo ní àwo orin ìjọ kan nílé, tí mo rí gbà nínú ẹrù olóògbé kan tó ṣe kátíkíìsì, olùkọ́ ìjọ, ní Ìyẹ́rẹ̀. Orúkọ orin ìyìn wà lára pépà tí wọ́n fi wé e. Dùùrù àti ohùn, kò séwu. Aáyán ti jẹ pépà àárín àwo náà tán, kò sí ohun tí èèyàn lè kà níbẹ̀, àmọ́ ta ló máa ṣiyèméjì lórí ẹrù kátíkíìsì? Mo ti fèrèsé. Mo fi abẹ́rẹ́ tuntun sí orí ẹ̀rọ, mo gbé apá náà lé àwo.

Ó kọ́kọ́ ń họ bí ẹni ń gbá ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlù bẹ́ jáde.

Kátíkíìsì tó ti lọ sọ́run ti ń fi orin ijó pamọ́ sínú pépà orin ìjọ kí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ má baà rí i. Èmi ló wá já àṣírí rẹ̀, láàárín Ọ̀wọ̀, láàárín Ìgógó. Ìlù náà ga, awọ tó dìde bí ẹnu yẹn ń tú u jáde bí ẹni ń bì. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n gbé apá rẹ̀ sókè lọ. N kò lè gbé e. Ẹ gbọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù: bí mo bá gbé e sókè tí kò dákẹ́ ńkọ́? Ọwọ́ mi wà lókè àwo náà, bí ìlù ṣe ń dún ni mo ń fi ojú ọkàn rí ìṣó ní ẹnu ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Ohùn aládùúgbò wa ló jí mi láti orí ògiri. Alágbẹ̀dẹ irin ni, Àlùfáà ni a ń pè é nítorí pé kì í pa ìrun jẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti wá di ọba tiyín ni? Ẹ pa nǹkan yẹn!"

Mo gbé e. Ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n agogo àwọn tó ń kọjá lójú títì náà dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì burú ju ìlù lọ. Mo gbọ́ bí ẹsẹ̀ èèyàn ṣe wá dúró síta. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni agogo tún bẹ̀rẹ̀, ó ń jìnnà lọ.

Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó kàn ń tẹ́ aṣọ tó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kò tíì rọ̀ tí àgbà àdúgbò wa fi wọlé láìdé fìlà, pẹ̀lú aṣọ funfun ní ìbàdí. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n kò tètè ní kí n dìde. Wọ́n ní kí n gbé ohun náà wá. Wọ́n yí i ká, wọ́n fi ìka kan tọ́ awọ rẹ̀ bí ẹni ń wò bóyá ẹran ti jinná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: kò sí awọ ìlù nílé mi, kò sí ẹni tó lù ú, ohùn lásán ni, ẹni tó lu ìlù yẹn ti lè kú láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Bí mo bá gbé ẹran sínú fíríìjì, tó gan bí òkúta, ṣé ó ti di ẹ̀fọ́ ni?"

Mo ní rárá, Bàbá.

"Ìlù tí ẹ gbé sínú àwo, ìlù ni." Wọ́n jókòó. "Èmi kò gbọ́ ọ o. Wọ́n sọ fún mi ni. Ká ní mo gbọ́ ọ ni, ibòmíràn là bá ti máa sọ̀rọ̀. Àwọn tó gbọ́ ọ kò tíì dákẹ́, wọ́n ṣì ń ro ohun tí wọ́n máa ṣe. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ dáadáa, kí ohun yìí má sí ní ìlú yìí mọ́, títí a ó fi sọ ìlù kalẹ̀ láti orí àjà."

Mo ní ibo ni kí n gbé e lọ? Wọ́n ní kí n gbé e padà sí ibi tó ti wá.

Ibi tó ti wá, ọ̀nà Ọ̀sẹ́ ni.

Ní kùtùkùtù, ìyàwó mi fi ìró rẹ̀ di àpótí náà, ó so ó bí ẹni ń so ọmọ. Mo di àwo bàbá Ìmórù mọ́ àyà mi lábẹ́ ẹ̀wù, pákó méjèèjì ń gún mi ní egungun ìhà. Nínú mọ́tò, ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ jókòó tì mí. Ó wo ohun tó wà lórí ẹsẹ̀ mi títí, ó sún sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, bó bá jẹ́ ohun tó máa ń bú gbàmù ni, ẹ sọ fún mi kí n tètè sọ̀kalẹ̀." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbẹ̀yìn ẹ̀rín nìyẹn. Nígbà tí a kọjá Ẹlẹ́gbẹ̀kà, dẹ́rẹ́bà pa orin, ó yí gíláàsì sókè, olúkúlùkù wá ń wo igbó ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Igbó náà dúró. Ewé rẹ̀ pàápàá dúró.

A yí kọ́nà kan, ìtì igi wà ní ìbú ọ̀nà.

Àwọn ọkùnrin jáde láti inú ewé, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan wọ ẹ̀wù ẹ̀ṣọ́. Àwọn tó kù wọ ohun tó wù wọ́n. Wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin sọ̀kalẹ̀. Ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe Jésù lábẹ́ ẹnu. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn rí ìró ìyàwó mi lọ́wọ́ mi, ó ní kí n tú u. Mo tú u. Ó ní kí n ṣí àpótí. Mo ṣí i, àwọn apá irin nà jáde, awọ náà dìde. Ó fò sẹ́yìn, ó na ìbọn sí mi láyà, gan-an níbi tí àwo wà.

Ẹ gbọ́, ohun tó wá sí mi lọ́kàn kò ṣeé sọ fún ìyàwó mi. N kò ronú nípa ẹ̀mí mi. Mo ń ronú pé àwo náà máa fọ́.

Àgbàlagbà kan nínú wọn sún mọ́ wa, ó gbá ìbọn náà sílẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà.

"Giramafóònù," ni ó wí. Ó ní bàbá òun ní ọ̀kan rí. Ó bi mí bóyá ó ń dún.

Bí mo bá ní ó ń dún, wọ́n á ní kí n fi orin sí i, àwo kan ṣoṣo tí mo sì gbé ni ti Ìmórù. Abẹ́rẹ́ irin ń ha àwo jẹ ní gbogbo ìgbà tó bá kọrin. Bí mo bá ní kò dún, wọ́n lè fọ́ ọ láti wo ohun tí mo fi pamọ́ sínú rẹ̀. Mo ní kò tíì dún bó ṣe yẹ. Ọkùnrin náà ní ká máa lọ, ká má dúró títí a ó fi dé Ìfọ́n.

Títí di òní, n kò mọ ẹni tí wọ́n í ṣe. Dẹ́rẹ́bà ní ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n. Ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ní ẹ̀ṣọ́ wo ló ń wọ sílípáàsì?

Ìyá Ìmórù ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè kí n tó dé. Gèlè yẹn bá mi lójijì, nítorí orí òfìfo ni mo ti ń rí ní Ọ̀wọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn. Mo dojú ẹnu kọ etí òsì, mo tún kí wọn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Wọ́n ń wo ẹnu mi. Ọmọ wọn kò wò mí lójú.

Wọ́n lé adìyẹ jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ọmọ wọn pa fáànù. Mo gbé àpótí sórí àga, ìyá náà sì bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi ki etí òsì bọ inú awọ náà pátápátá. Ẹni tó bá wò wọ́n yóò rò pé nǹkan náà ń gbé wọn mì. Mo yí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ó fi le, mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo.

Ìlù bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìlù, ohùn ọkùnrin kan gòkè, ohùn tó tinrín, tó mọ́, tó ń sáré bí ọmọ ẹṣin. Ojú ìyá náà kò yí padà. Mo rò pé a ti pẹ́ jù, pé etí náà ti tì. Wọ́n gbé orí sókè.

"Ta nìyẹn?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wọ́n gbọ́. Ọmọ wọn tẹ ẹnu mọ́ wọn létí, ó ní Bàbá ni.

"Irọ́ ni. Ọmọdé ni èyí. Kì í ṣe ọkọ mi."

Mo pa á. Mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Mo fi aago ọwọ́ mi wo eré tí ẹ̀rọ náà ń sá, nítorí bí ó bá ń sáré jù, ohùn àgbà á di ti ọmọdé. Kò sáré jù. Ó ń yí bó ṣe yẹ kó yí gan-an. Mo tún fi sí i. Ní ìgbà kejì yìí, mo ń gbọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń họ ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ẹni ń fi ọ̀bẹ họ ìdí ìkòkò. Ìyá náà mi orí. Kì í ṣe òun. Wọ́n bi mí bóyá mo ti pààrọ̀ àwo náà ní Ọ̀wọ̀, wọ́n kò bú mi, wọ́n kàn di ẹ̀gbẹ́ àpótí mú. Wọ́n ní, "Tún fi sí i. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló jókòó sí." 

Mo yí irin náà, mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Láàárín orin, mo gbọ́ ohun kan nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, kíkéré, bí ẹni fa èékánná lórí irin. Ihò tí mo lù sí ìdí sipíríńgì ń ya. Agbára ń tú kúrò lára rẹ̀. Àwo náà ń lọ́ra. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀: ó nípọn, ó rọ̀, ó wúwo, ìlù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fa ẹsẹ̀ bí ẹni tó ru ẹrù. Ìyẹn kì í ṣe ohùn tó wà nínú àwo. Ohùn ẹni tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Ọmọ wọn fà sẹ́yìn títí ó fi kan ilẹ̀kùn. Mo na ọwọ́ sí irin ẹ̀gbẹ́ àpótí kí n yí i, kí ohùn náà padà sí ipò rẹ̀.

Ìyá náà di ọrùn ọwọ́ mi mú. N kò mọ̀ pé agbára bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára wọn. Wọn kò yọ orí kúrò nínú awọ náà. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí aya ṣe ń kí ọkọ tó ti oko dé.

"Ẹ kú àbọ̀, bàbá wa."

Àgbàlagbà ni ọkọ wọn nígbà tí wọ́n fẹ́ ẹ. Wọn kò bá ọ̀dọ́mọkùnrin inú àwo yẹn pàdé rí, ohùn àgbàlagbà nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí mo bá yí irin náà, ohùn ọkọ wọn gan-an, bó ṣe kọ ọ́ ní Ìbàdàn, ni yóò padà, àlejò sì ni sí wọn. Bí n kò bá yí i, èyí tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohùn èèyàn kankan tó gbé ayé yìí rí, irin tó ń ya ni, kò sì ní pẹ́ dúró, abẹ́rẹ́ tó ń wọ́ sì ń jẹ àwo kan ṣoṣo náà lọ. Etí náà kò tún ní dúró dè wá. Mo mọ gbogbo èyí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, àwo ń yí díẹ̀díẹ̀, ìka wọn le mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, ìka tèmi náà sì wà lórí irin.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa yí i?